Òdìkejì Igi Kan Náà

Nígbà tí Balbina kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ó ń kan igi bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó fi ìdí àáké gbá ara igi jẹ́jẹ́, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró. Ó tún gbá a. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wà nínú igi náà tí yóò dáhùn láìpẹ́. Oòrùn òwúrọ̀ ti gba àárín ewé wọlé, ó ń ta sí i léjìká, òógùn sì ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn.

Balbina dúró lẹ́yìn igi mìíràn pẹ̀lú fáìlì láyà. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wo ibi kan dáadáa kó tó débẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ọdún mọ́kànlélógún ló sì ti lò lẹ́yìn kántà ọ́fíìsì ìbílẹ̀ ní Cevadeira, tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé àwọn ará abúlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ẹ̀yin ni Evaristo?"

"Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló rán yín, èmi kọ́."

"Ọ́fíìsì ìbílẹ̀ ló rán mi. Ẹ gbàgbé láti fọwọ́ sí ìwé ibùgbé yín. Ó sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa lónìí."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá rin inú igbó nítorí ìfọwọ́sí kan?"

"Ẹni tó máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó gba bírò, ó fi ara igi ṣe tábìlì, ó fọwọ́ síwèé náà. Orúkọ rẹ̀ wọ́ gbágungbàgun nítorí ara igi náà. Ó yẹ kí Balbina gba ìwé kó máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ.

"Kí lẹ ń gbọ́ nínú igi yìí?" Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun yóò bi í.

"Mò ń bi í bóyá ó fẹ́."

"Bóyá ó fẹ́ kí ni?"

"Kí a bọ́ ọ láṣọ." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú tì í, etí rẹ̀ pọ́n. "Èèpo rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ẹ má bínú."

Balbina rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín láàárọ̀.

Igi sobreiro ni igi náà, èyí tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe ìdérí ìgò wáìnì. Ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bó o. Tí wọ́n bá bó o tán, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ọdún yẹn sí i lára, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ kàn án títí ọdún mẹ́sàn-án á fi pé. Lábẹ́ èèpo náà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ìyá, torí òun ló ń bí èèpo tuntun. Balbina mọ gbogbo èyí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Cevadeira? Ṣùgbọ́n mímọ̀ létí yàtọ̀ sí mímọ̀ lọ́wọ́.

"Igi tó bá fẹ́, ohùn rẹ̀ á rinlẹ̀," Evaristo ní. "Èyí tí kò bá fẹ́, ohùn rẹ̀ á gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ nìyẹn, ẹ padà wá bá a lọ́jọ́ mìíràn. Tí ẹ bá fipá mú un, ẹ ó dá ìyá rẹ̀ lọ́gbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Evaristo, tó máa ń dúró ní òdìkejì igi fún un, ti jókòó síwájú níbi tó ti ń wọ́ orúnkún tó ń dùn ún. Evaristo ti gé èèpo náà látòkè délẹ̀. Ó wo ọwọ́ Balbina, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ fi ọwọ́ síbí. Ẹ fà á. Ẹ má kánjú."

Ó gbé fáìlì sílẹ̀, ó sì fà á. Èèpo náà ya kúrò lára igi bí aṣọ tuntun tí a fà ya, ó sì jáde sí i lọ́wọ́ lódindi, ó gùn tó ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Igi náà dúró níhòòhò níwájú rẹ̀, ó pọ́n bí ara ọmọ tuntun.

Balbina mú fáìlì rẹ̀ nílẹ̀. Ó padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú eruku èèpo lábẹ́ èékánná. Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ibùgbé Evaristo. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ọkùnrin náà. Ẹ̀rù ohun tó ń pariwo nínú ara òun fúnra rẹ̀ ni.

*

Ní Sátidé, ó tún lọ. Ó ní ìwé náà ní kọ́pì kejì tó yẹ kí Evaristo fọwọ́ sí.

"Níbo ló wà?" Evaristo béèrè.

"Mo gbàgbé rẹ̀ sílé."

"Háà. Ọ́fíìsì yín mà kún fún ìgbàgbé o." Ó gbé búrẹ́dì àti ólífì fún un. "Ẹ jókòó kí ẹ rántí."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Sátidé tó kù nínú ìkórè ọdún yẹn, ó ń fa èèpo, ó ń tò ó jọ, ó ń wo ọwọ́ àwọn ọkùnrin. Kò béèrè nǹkan. Ó kàn ń wò. Evaristo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Opó ọkùnrin ni Evaristo, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà, kò sì bímọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń pẹ́ létí ẹni.

Nígbà tí òtútù dé, tí ìkórè ti parí, Evaristo ní kí ó máa wá sí àgbàlá òun lọ́jọ́ Àìkú. Ó tẹ́ pákó kan sílẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí pákó, ó wá gbé èèpo àtijọ́ lé bébà náà. Ó nawọ́ àáké sí i.

"Gé èèpo náà já. Bébà kò gbọ́dọ̀ ya. Tí o bá gé bébà, o ti pa igi."

Balbina gbọ́ "gé" yẹn. Kò wí pé "ẹ gé" mọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bébà àkọ́kọ́ ya sí méjì. Ìkejì náà ya. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ó gé èèpo náà já, Evaristo sì gbé bébà náà sókè sí oòrùn. Kò sí ojú kan tó lu lára rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Evaristo béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọdún mẹ́ta gbáko ni èmi fi kọ́ èyí."

"Òǹtẹ̀ ni. Tí o bá tẹ òǹtẹ̀ jù, yíǹkì á tàn. Tí o kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò sẹ́ni tó máa lè kà á. Ọwọ́ mi ti mọ ibi tó yẹ kí òun dúró."

"Ọdún mọ́kànlélógún lo ti ń kọ́ṣẹ́ àáké nínú ọ́fíìsì nìyẹn, o kò mọ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan. Evaristo gbé ọwọ́ náà, ó wò ó bí ẹni tó ń wo irúgbìn, ó sì pa á dé sínú tirẹ̀. Wọ́n jókòó báyẹn títí ọbẹ̀ búrẹ́dì tó gbé kaná fi jó mọ́ ìkòkò.

*

Nínú oṣù kejì ọdún tuntun, ẹ̀gbọ́n Evaristo kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú etíkun. Orúnkún rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ẹni méjì ló máa ń bó igi kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọ̀gá Florival, tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kì í gba ẹnìkan ṣoṣo.

"Wá dúró ní òdìkejì fún mi," Evaristo ní. "Gba ìsinmi ẹnu iṣẹ́ rẹ nígbà ìkórè. Tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, àga rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Balbina sọ fún ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Màmá Zulmira, ó sì máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti dúró nínú omi oko ìrẹsì àwọn olówó títí dé orúnkún. Nítorí kí ni? Kí ìwọ lè jókòó."

"Màmá, mo ti jókòó. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti jókòó."

"Ó wá rẹ̀ ọ́ láti jókòó? Èmi ò mọ̀ pé ó máa ń rẹ èèyàn láti jókòó."

"Ó máa ń rẹni, Màmá."

"Ọkùnrin yẹn ló ń pè ọ́. Kì í ṣe igi."

Balbina ronú sí i dáadáa, torí kì í fẹ́ parọ́ fún ìyá rẹ̀. "Igi ló kọ́kọ́ pè mí," ó ní. "Ọkùnrin náà kàn wà nítòsí."

Màmá Zulmira wo abọ́ ọmọ rẹ̀. Ìdajì ọbẹ̀ ló kù níbẹ̀, bó ṣe máa ń kù lójoojúmọ́. Ó kó abọ́ náà kúrò.

*

Nígbà tí ìkórè dé, Balbina gba ìsinmi rẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjìlá ló wà lábẹ́ Ọ̀gá Florival lọ́dún yẹn, Balbina nìkan sì ni obìnrin tó mú àáké. Ọ̀kan nínú wọn, Hermínio, kò lè pa ẹnu mọ́.

"Akọ̀wé, ṣé igi yìí ti kọ lẹ́tà wá kẹ́ ẹ tó gé e?"

"Ó kọ ọ́. Tìrẹ ni mi ò tíì rí."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Hermínio náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun.

Balbina kò bìkítà. Báwo ni ká ṣe sọ ọ́? Obìnrin tó ti ń jí lójoojúmọ́ bí ẹni tó gbé òkúta láyà wá ń jí kí agogo tó dún. Apá rẹ̀ ń ro ó, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó mọ igi tó fẹ́ àti igi tó kọ̀. Nígbà mìíràn òun àti Evaristo á gé igi kan láìsọ̀rọ̀, òun níhìn-ín, Evaristo lọ́hùn-ún, àáké méjèèjì á máa dáhùn ara wọn, títí èèpo á fi bọ́ sílẹ̀ tí wọn á sì rí ojú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.

"Mo tún rí ọ," Evaristo á wí.

"Níbo lo rò pé mo lọ?"

"Ọ̀nà jìn, ayọ̀ mi. Igi yìí fẹ̀."

Ọjọ́ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, "ayọ̀ mi," níwájú gbogbo èèyàn, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́. Balbina mọ̀. Ó gbé e lọ sílé bí ẹyin.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìsinmi rẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìlà-oòrùn láti òwúrọ̀. Tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ń fẹ́, omi inú igi á sá lọ, èèpo á sì di mọ́ igi bí ọmọ tó di mọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá Florival ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn: igi tó bá kọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Hermínio àti ẹnìkejì rẹ̀ ti wà níwájú. "Evaristo," ó kígbe látòkèèrè, "ṣé ẹ ṣì ń lu òǹtẹ̀ síyẹn ni? Tẹ́lẹ̀rí, ìwọ la máa ń lé tí a ò bá."

Igi ńlá kan ló wà níwájú wọn, ó ti tó igba ọdún. Evaristo kàn án. Balbina gbọ́ ohùn náà. Ó gbẹ bí egungun.

"Ó kọ̀," ó ní.

"Ó fẹ́ díẹ̀."

"Evaristo, ó kọ̀."

Kò dá a lóhùn. Ó ki ẹnu àáké bọ ojú ibi tó gé, ó fi gbogbo ara tì í. Ariwo kan dún tí kì í ṣe ariwo èèpo. Èèpo bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú awọ pupa náà dání. Igi funfun yọ níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

 Evaristo ń wo ọgbẹ́ náà bí ẹni tó rí òkú. Ẹni tó bá dá ìyá igi lọ́gbẹ́, ó ní láti gbé àáké sílẹ̀ títí ìkórè ọdún yẹn á fi parí. Òfin àwọn òṣìṣẹ́ ni, ó dàgbà ju Ọ̀gá Florival lọ.

Ọ̀gá dé. Ó wo igi, ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Ta ni?"

Gbogbo èèyàn ti péjọ. Kò sẹ́ni tó wo Evaristo. Balbina ni wọ́n ń wò.

"Èmi ni," Balbina ní.

Ó dúró kí Evaristo sọ̀rọ̀. Evaristo la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ọ̀gá nawọ́, Balbina sì fi àáké rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," Hermínio ní. 

Evaristo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. 

"Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Àáké nìkan lo ní. Èmi ní àga tí mo lè padà sí."

"Ìyẹn ló ń dùn mí." Evaristo ní. "Mo rò pé o ti kúrò nínú àga yẹn. O ṣì jókòó síbẹ̀. O gbé iṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ bí ẹni gbé ife omi sílẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló di ọ́ lẹ́nu?"

Evaristo wolẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí," ó ní.

"Ẹ̀rù máa ń ba èmi náà," Balbina ní. "Ojoojúmọ́ ni. Mo sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀." Ó wọnú ọkọ̀. Ó wakọ̀ lọ, kò wo ẹ̀yìn, kò sì rí ọ̀nà dáadáa nítorí omijé.

*

Ó padà sí ọ́fíìsì kí ìsinmi rẹ̀ tó tán. Àga náà wà bó ṣe wà. Òǹtẹ̀ wà níbi tó wà. Ó lu ti àná, ó lu ti òní. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan wọlé pẹ̀lú eruku lórí bàtà. Hermínio ni. Ó bọ́ fìlà, ó fi í pa ìka rẹ̀ mọ́.

"Mo wá gba ìwé."

"Ìwé wo?"

"Èyíkéyìí. Ọ̀gá ló rán mi, mi ò sì lè wọ ọ́fíìsì lásán."

"Kí ni Ọ̀gá ní kí ẹ sọ?"

"Evaristo ti jẹ́wọ́. Níbi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án ló ti dìde, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, 'Èmi ni mo dá igi yẹn lọ́gbẹ́. Obìnrin náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ó kọ̀. Mo dákẹ́ nítorí pé ojo ni mí.' Ó fúnra rẹ̀ gbé àáké fún Ọ̀gá. Èèpo ló ń rù báyìí, ó ń kó o sínú katakata."

"Ṣé ó ń bínú?"

"Ó ń súfèé. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù." Hermínio wo ilẹ̀. "Ọ̀gá ní àáké yín wà nílẹ̀. Ó ní òun fúnra òun á dúró ní òdìkejì fún yín títí ìkórè á fi parí."

"Ìsinmi mi tán lónìí."

"Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn rán mi ni." Ó yí padà, ó tún yí sẹ́yìn. "Mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀ jù. Mo padà lọ wo àwọn igi tí ẹ bó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọgbẹ́ lára ìkankan. Mi ò lè fi tèmi búra bẹ́ẹ̀."

Ó lọ. Kò gba ìwé kankan.

Balbina jókòó. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Ìsinmi kò sí mọ́, àyè àti máa lọ kó sì máa bọ̀ kò sí mọ́. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ìgbà òtútù ńkọ́? Ìgbà òtútù, àwọn tó ń bó igi máa ń gé ẹ̀ka, wọ́n máa ń ká ólífì. Ọjọ́ ogbó ńkọ́? Kò mọ̀. Ó mú bébà, ó kọ ìwé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ya á. Ó tún kọ ọ́, ó tún ya á. Ìkẹta ló gbé wọlé sọ́dọ̀ alága ọ́fíìsì náà.

"Ṣé ẹnìkan ṣẹ̀ ọ́ ni, Balbina?" alága béèrè.

"Rárá, sà. Ẹ ṣe dáadáa sí mi. Iṣẹ́ mi ló wà níbòmíràn."

Ó fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ lórí kántà, ó sì jáde. 

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó bọ́ bàtà. Màmá Zulmira kò pariwo. "Èmi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀," ó ní, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ mọ́kànlá náà, búrẹ́dì àti wàràkàṣì wà lórí tábìlì, a ti dì í sínú aṣọ mímọ́. Àti pé nírọ̀lẹ́, tí ọmọ rẹ̀ bá dé tòun ti eruku, Màmá Zulmira á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa wò ó bó ṣe ń fi búrẹ́dì nu abọ́ mọ́ tónítóní.

*

Ní òwúrọ̀ tó padà, Evaristo ń dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú okùn tí ó fi ń di èèpo léjìká.

"Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní.

"Ó yẹ kí o sọ ọ́."

"Mo jí ọlá rẹ gbé fún ọjọ́ méjì gbáko."

"Èmi ni mo gbé e fún ọ. Kò yẹ kí n gbé e fún ọ." Balbina mí kanlẹ̀. "Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

Evaristo bọ́ okùn náà kúrò léjìká. "Nítorí mi?"

"Má gbé ara rẹ ga. Ọjọ́ tí mo kọ ìwé náà, mò ń bínú sí ọ gan-an."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe parí oṣù náà nìyẹn. Balbina wà lórí igi, Ọ̀gá Florival ní òdìkejì, Evaristo nísàlẹ̀ tó ń kó ohun tó bá bọ́. Ọkùnrin tó ti mú àáké fún ogún ọdún ń ru ẹrù lẹ́yìn obìnrin tó kọ́ níṣẹ́, kò sì fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Akọ̀wé, èyí wúwo," á wí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Rọra gbé e."

Ó ku igi mélòó kan kí ìkórè parí. Èèpo ńlá kan bọ́ sílẹ̀, Evaristo sì tẹ̀ láti gbé e. Balbina sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Àyà rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ó ti mọ báyìí pé àyà tó ń já kì í ní kí ọwọ́ má ṣiṣẹ́.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á dá àáké rẹ padà fún ọ," ó ní. "Ta ni yóò dúró ní òdìkejì fún ọ?"

"Ẹni tó bá gbà mí."

"Mo gbà ọ́." Ó fi àáké ti ara igi. "Kì í ṣe ti igi nìkan ni mò ń sọ."

Evaristo gbé èèpo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Eruku wà létí mi."

"Mi ò sọ. O gbọ́."

"Mo gbọ́, ọkàn mi. Mo kàn fẹ́ tún un gbọ́ ni."

"Èmi náà gbọ́," Ọ̀gá Florival ní láti ẹ̀yìn igi. "Tí ẹ bá ti parí, oòrùn ti ń ga o, igi yìí ò ní dúró dè wá."

*

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní ìlú. Evaristo wọ ẹ̀wù funfun tí kọ́là rẹ̀ ń há a lọ́rùn. Hermínio wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì ti ń sunkún kí wọ́n tó jókòó. Màmá Zulmira jókòó lẹ́yìn nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó gbé àpò lé orúnkún. Ó ti ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ti oúnjẹ àti ti ojú ọjọ́ nìkan ni. Kò tíì dárúkọ iṣẹ́ náà rí.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń béèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ, ọjọ́ orí, ibùgbé.

"Iṣẹ́ ọkọ?"

"Mo ń ru èèpo igi," Evaristo ní. "Lọ́dún yìí."

"Iṣẹ́ ìyàwó?"

Balbina la ẹnu. Fún ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀rọ̀ kan ló ti ń fi dáhùn ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Ó dá a dúró.

"Mo ń bó èèpo igi sobreiro. Mo ń lo àáké."

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè. Ó wo aṣọ ìyàwó, ó wo ọwọ́ tó ti le. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rò pé àwàdà ni. "Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ yín gan-an ni mo béèrè."

Kí Balbina tó dáhùn, àga kan ró lẹ́yìn. Màmá Zulmira ti dìde pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó ti sọ fún ọ," ó ní. "Kọ ọ́ síbẹ̀."